Alùpùpù Tó Kọ Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ

Mo ti rà á. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kábàámọ̀.

Alùpùpù ńlá ni, ó dúdú, ó ń dán bíi kóró iṣin. Ó ní gíláàsì níwájú tó ń gba atẹ́gùn kúrò lójú ẹni, ó ní àpótí méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ẹrù, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè sáré ju èyí tí ọjọ́ orí mi gbà lọ. Ẹni tó fẹ́ rìn jìnnà tí kò sì fẹ́ pẹ́ lọ́nà ni wọ́n ṣe é fún. Èmi ni ẹni kẹta tí yóò ni ín. Ẹni tó tà á fún mi rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gba owó, ó tún rẹ́rìn-ín nígbà tí mò ń lọ. Ẹ̀rín kejì yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ìyàwó mi jáde sẹ́nu ọ̀nà tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Dádì, ta ló gbé ọ̀kadà ẹ̀ síbí?"

Mo ní kì í ṣe ọ̀kadà. Mo ní alùpùpù ìrìnàjò ni. Ó yí i po bí ẹni tó ń wo ewúrẹ́ tí wọ́n ní kò ṣàìsàn, ó wá fi ìka tẹ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ibi tí èmi máa jókòó sí nìyí? Ó mà le bíi pákó ìfọṣọ."

Àmọ́ kò ní kí n dá a padà. Láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí ni mo ti ń ṣèlérí pé lọ́jọ́ tí àbíkẹ́yìn bá kúrò nílé, èmi àti òun nìkan á lọ wo adágún ńlá tó wà lẹ́yìn òkè. Àbíkẹ́yìn ti wọ yunifásítì. Ìsinmi ìyàwó mi máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ oṣù tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ kan péré. Láti ọjọ́ tó ti di olórí àwọn tó ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, gbogbo ìsinmi rẹ̀ ló fi ń tọ́jú aláìsàn tàbí ọmọ tuntun ẹlòmíì. Èyí ni àkọ́kọ́ tó sọ pé òun ò fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹta

Èmi tí mò ń ran àga fún lọ́yà àti dókítà, kí ìyàwó mi wá jókòó lórí pákó ìfọṣọ? Mo tú ìjókòó ẹ̀yìn. Ojú tì mí fún ẹni tó ṣe é: fóòmù tó tẹ́ bíi búrẹ́dì tí ènìyàn jókòó lé, awọ tín-ín-rín, pín-ìn-nì kéékèèké bí èyí tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀. Mo kó gbogbo rẹ̀ dànù. Mo fi fóòmù líle sísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ sókè, mo wọ̀ ọ́ ní awọ tó ṣẹ́kù lára àga dókítà eléyín. Mo wá fi ìṣó tèmi kàn án pa, ìṣó olórí bàbà gígùn tí mo fi ń kan àga ilé ọlọ́mọ púpọ̀. Ohun tí mo bá fi ìṣó yẹn kàn, ọmọ-ọmọ ẹni ló máa rí i tú.

Mo gbé e kalẹ̀ ní pálọ̀, mo ní kí ìyàwó mi jókòó lé e wo tẹlifíṣàn. Ó jókòó títí ìròyìn fi parí.

"Èyí tiẹ̀ dára ju àga wa lọ."

Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé èmi náà ni mo ran àga wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Mo gùn ún lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé mi bí ẹyin. Tíṣà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tó ti fẹ̀yìn tì tí kò sì níṣẹ́ méjì ju kó máa yọjú lórí ògiri lọ, ní, "Bàbá Oníàga, ṣé ẹ ti bá eegun yín sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó rà á?"

Mo ní eegun mi ló rán mi níṣẹ́.

Mo ra akoto méjì. Owó rẹ̀ ga débi pé mo wo inú rẹ̀ bóyá orí wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi ìyàwó mi ṣe fọ́ńté. Ó wọ ṣòkòtò, ó dé akoto, ó gun ẹ̀yìn mi, ó sì di ìbàdí mi mú. Ó ti pẹ́ tó ti di ibẹ̀ mú kẹ́yìn. A jáde.

Iwájú ilé búrẹ́dì, níbi tí èrò ti tò dé títì, ni ẹ́ńjìnnì ti kú. Mo sọ̀ kalẹ̀, òun náà sọ̀ kalẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń jí i, ó dún dáadáa. A gùn ún. A dé igun, ó kú. A sọ̀ kalẹ̀, ó jí. Ẹnì kan láàárín èrò ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí màmá sọ̀ kalẹ̀, ó ti rẹ ọmọ náà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi bọ́ akoto, ó fi í há abẹ́ apá, ó sì fẹsẹ̀ rìn délé. Èmi gùn ún tẹ̀lé e jẹ́jẹ́. Kò kú rárá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹwàá

Èmi nìkan, lọ àti bọ̀, títí dé ẹ̀yìn ìlú. Ó dára bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Mẹkáníìkì tí mo gbé e lọ bá kì í sọ ju gbólóhùn kan lọ: ó máa dára. Bátìrì jó, ó máa dára. Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó máa dára. Ó-máa-dára náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì, ó gùn ún lọ, ó gùn ún bọ̀, ó ju àtàńpàkò sókè. Mo gbé e délé, mo ní kí ìyàwó mi gùn. Ẹnu géètì ló kú sí.

"Ó jọ pé kò fẹ́ràn mi," ni ohun tó sọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò láti àárọ̀. Owó epo tún ti lọ sókè. Ó-máa-dára tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà, nọ́ọ̀tì kan sì ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ó wò ó, ó fi í sápò. N kò béèrè.

Àbíkẹ́yìn pè. Òun àti ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Nígbà tí wọ́n gbé fóònù fún mi, ó ní, "Dádì, ṣé dáadáa lẹ wà?" Mo ní dáadáa ni. Ó ní ó dàbọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ìyàwó mi jókòó. Mo ní, "Mọ́mì, òjò yìí pọ̀." Ó ní, "Ó pọ̀, Dádì." Kò sí ọmọ kankan nílé mọ́ tó ń pè wá bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì la ṣẹ́ kù tí à ń pe ara wa. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀. Mo lọ nu máṣíìnì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ọjọ́ burúkú ni mo pe òní.

Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú làákàyè. Mo sọ fún Ó-máa-dára pé kí a má yọ ìyàwó mi lẹ́nu mọ́, kí a wá ẹrù tá a lè fi dán an wò. Wọ́n ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. A yá sìmẹ́ńtì. Báàgì kan kéré, méjì pọ̀ jù. A da ìdajì báàgì kejì sínú àpò ìrẹsì, a so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Mo gùn ún, ó kú! Mo yọ̀ bí ẹni tó rí owó he. A ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn: ẹrù ẹ̀yìn ni kò fẹ́.

Mo sáré wálé. Ìyàwó mi ń jẹun lọ́wọ́.

"Mọ́mì, fọkàn balẹ̀. Kì í ṣe ìwọ. Ẹrùkẹ́rù tó bá ti tó ẹ ló ń pa á."

Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹrù tó tó mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Sìmẹ́ńtì la fi dán an wò."

"Báàgì mélòó?"

Ibí yìí gan-an ló yẹ kí ikọ́ ti gbé mi. "Ọ̀kan àbọ̀."

"Ta ló wọ̀n mí?"

"Èmi ni. Ojú ni mo fi wọ̀n ẹ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Ó fọ abọ́ rẹ̀, ó fọ tèmi tí n kò tíì jẹun nínú rẹ̀, ó kó ìrọ̀rí rẹ̀, ó wọ yàrá àbíkẹ́yìn lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ká ní ó gbá a ni, ara ìbá tù mí.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn àga ló ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ̀yin àga, ẹ sọ fún ẹni tó ń ran yín pé oúnjẹ wà lórí tábìlì." Mo ní, "Ẹ̀yin àga, ẹ bá mi dúpẹ́." Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pé òun á wá lo ìsinmi òun lọ́dọ̀ rẹ̀, òun á bá a kó ẹrù sílé tuntun. Ó ní, "Kò síbi tí mò ń lọ mọ́. A kàn sọ ọ́ lásán ni."

Adágún kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé bó bá lo ìsinmi yìí láìsí èmi tó sì padà wá, á bá ilé yìí bó ṣe wà: èmi níhìn-ín, òun lọ́hùn-ún, àwọn àga láàárín. Ó lè mọ́ wa lára. Mo ti rí tọkọtaya tó mọ́ lára. Mo máa ń ran àga wọn, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ń gbó.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Ó-máa-dára pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn. Wọ́n gbé sìmẹ́ńtì lé e, ó kú. Tíṣà yọjú, ó ní kí n ta máṣíìnì. Mo ní kóun náà ta ògiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án

Mo gbà láti tà á. Èrò mi ni pé bí mo bá tà á, mo lè bẹ ìyàwó mi pé ká wọ bọ́ọ̀sì lọ sí adágún. Mo kọ ọ́ sórí páálí, mo gbé e kọ́ sára rẹ̀: TÍTÀ. Ọkùnrin kan dé ní ìrọ̀lẹ́ tòun tìyàwó rẹ̀. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní ó dára púpọ̀, àfi pé kì í gbé ẹni tó bá sanra lẹ́yìn. Mo rọra sọ ọ́, torí fèrèsé yàrá àbíkẹ́yìn ṣí sílẹ̀.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wo ìyàwó òun. Mo wò ó. Obìnrin náà tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀. Bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ènìyàn á máa wá a. Ó gun ẹ̀yìn, ọkọ rẹ̀ gun iwájú, wọ́n dé ìdí igi, ẹ́ńjìnnì kú.

Ẹ̀rín kan bú jáde láti fèrèsé. N kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí wa ti da àtíkè sórí ara rẹ̀. Ìyàwó mi sáré jáde, ó ń fi etí ìró nu omi ojú.

"Báàgì mélòó lèyí, Dádì? Ẹ fojú wọ̀n ọ́n fún mi!"

Mo fẹ́ dáhùn, kò jẹ́. Ó ti lọ di obìnrin náà lọ́wọ́ mú. "Àbúrò, nígbà tó fẹ́ kú, kí lo gbọ́ lábẹ́ ẹ?"

"Ó dún tá, mà."

"Tá! Ohun tí èmi náà ń gbọ́ nìyẹn, n ò sọ ni, wọ́n máa ní ara mi ló ń dún." Ó kọjú sí mi. "Ẹ̀rọ ìfọṣọ wa kan nílé ìwòsàn ń ṣe báyìí. Bí wọ́n bá ti fara ti ilẹ̀kùn ẹ̀ báyìí, ó kú. Ẹ ṣí ìjókòó yìí."

Mo ní Ó-máa-dára ti yẹ ẹ́ńjìnnì wò, ó ti yẹ kabúrétọ̀ wò, ó ti yẹ ṣọ́ọ̀kù wò. Ó ní, "Ṣé ó ti yẹ ìjókòó wò?" Mo ní kò sẹ́ni tó máa yẹ ìjókòó wò, nítorí ìjókòó, èmi ni mo ṣe é.

Ìyàwó mi tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó ṣí i fúnra rẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, ó kígbe, "Yéè!", ó fa ọwọ́ jáde, ẹ̀jẹ̀ tó bín-ín-tín wà lórí ìka rẹ̀. Ó dojú ìjókòó dé. Ẹnu ìṣó yọ jáde lábẹ́ rẹ̀ yíká bí eyín ajá. Nísàlẹ̀ ibẹ̀, wáyà kan wà tí ìṣó tó gùn jù ti dá ihò sí. Bí ẹnikẹ́ni bá ti jókòó sẹ́yìn, ìṣó á kan wáyà, á kan irin, iná á sì kú. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Kò sì sí ẹlòmíì ní gbogbo àdúgbò yìí tó ń lo ìṣó olórí bàbà.

"Dádì," ni ohun tí ìyàwó mi sọ, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀, "ẹ kan ìṣó sábẹ́ mi, ẹ wá ní mo wúwo."

Ojú tì mí débi pé mo wá ibi tí n óò gbà wọlẹ̀. Mo ní, "Má bínú. Mo ṣe é kó lè rọ̀ ẹ́ lára ni." Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dun òun. Ó wọlé lọ fọ ìka rẹ̀.

Ọkùnrin náà ṣì fẹ́ rà á. Mo ní kò sí nínú títà mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló yọ páálí náà bá mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Ó-máa-dára di wáyà náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Kò tilẹ̀ rántí sọ gbólóhùn rẹ̀. Mo tún ìjókòó ràn. Gọ́ọ̀mù àti òwú nìkan. Tíṣà ti gbọ́. Ó ní òun fẹ́ ra ìṣó díẹ̀ fún ìyàwó òun.

Ìyàwó mi padà sí yàrá wa, àmọ́ kò sọ nǹkan kan nípa adágún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń retí rẹ̀. N kò ní ẹnu láti béèrè.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ keje

Ó gbé báàgì ńlá rẹ̀ jáde, báàgì tó máa ń gbé lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì, ó gbìyànjú láti tì í bọ inú àpótí ọ̀tún, kò wọ̀ ọ́. Ó jókòó sílẹ̀, ó tú báàgì náà, ó sì ń to aṣọ rẹ̀ sínú àpótí ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń ká a bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ ilé ìwòsàn. N kò sọ̀rọ̀. Mo ti kọ́gbọ́n. Nígbà tó yá, ó ní, "Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kí wọ́n wá alábàárù. Àpótí òsì ni tiyín, ẹ má kó bàtà mẹ́ta."

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

A lọ. Ó kọjá ilé búrẹ́dì, kò kú. Ó kọjá igun, kò kú. Ìyàwó mi juwọ́ sí àwọn èrò bí ìyàwó gómìnà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

A dé lánàá ní ìrọ̀lẹ́. Ìdí mi ti kú, ọrùn mi le, mo sì láyọ̀.

Ohun tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé ènìyàn ò lè sọ̀rọ̀ lórí máṣíìnì. Atẹ́gùn ń gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Fún wákàtí púpọ̀, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mò ń mọ̀ ní ìbàdí mi: ó fún mi mú níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó dẹ ọwọ́ níbi títẹ́jú, ó na ìka sí màlúù kan tó dúró láàárín omi. Nígbà tá a yà ra epo, àwa méjèèjì bọ́ akoto, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní kó sọ tiẹ̀. Ó ní kí n sọ tèmi. Ẹni tó ń ta epo dúró, ó ń wò wá. Òun ló sọ tiẹ̀ ṣáájú, ó sì ń sọ ọ́ títí di ìgbà tí wọ́n ní ká sún máṣíìnì kúrò fún ẹlòmíì.

Adágún náà tóbi. N kò ní irọ́ láti fi kún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlá

Òjò ọ̀sán. A kò jáde. A kò sì bá àga sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlá

Òní ló yẹ ká padà. Ọ̀la ni iṣẹ́ rẹ̀. A di ẹrù ní àárọ̀, a san owó ilé, a dé akoto. N kò tíì rí máṣíìnì yìí dára tó báyìí rí. Mo fọwọ́ kàn án báyìí, ó dún, ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, kò wúkọ́, kò gbọ̀n. A gùn ún dé ẹnu géètì ilé àlejò. Ìyàwó mi gbá mi léjìká.

"Ẹ dúró ná."

Mo dúró. Mo rò pé ó gbàgbé nǹkan ni. Ó bọ́ akoto, ó na ọwọ́ kọjá mi, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Ó wá fa fóònù yọ, kò sì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ mà, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú mà. Máṣíìnì tó gbé wa wá ti dẹnu kọlẹ̀ o. Rárá mà, kò dún rárá. Ẹ wò ó, bó ṣe wà níbí nìyẹn, ó kàn ń wò wá."

Ara mi gbóná. Máṣíìnì tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀! Mo yíjú sí i. Ó ń rẹ́rìn-ín sí mi láìdún, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tí mo mọ̀ kí a tó bí ọmọ kankan.

Ó na fóònù sí mi. "Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ lẹ́nu yín."

Ohùn ọ̀gá rẹ̀ le. Ó ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé máṣíìnì yín bàjẹ́?"

"Ó bàjẹ́ gan-an, mà," ni mo sọ.

"Kí ló ṣe é?"

"A ò tíì mọ̀, mà. Ó máa ń pẹ́ ká tó mọ̀."

"Ọjọ́ wo ló máa wá dìde?"

Ìyàwó mi gbé ìka mẹ́ta sókè níwájú mi. Mo wo ìka mẹ́ta náà. Mo wo omi lẹ́yìn rẹ̀.

"Kò lè dìde kó tó di ọjọ́ márùn-ún, mà," ni mo sọ.

Ó gbá mi lẹ́yìn gbọ̀ọ́. A sọ̀ kalẹ̀, a sì lọ tú ẹrù.